Ibi Ìsádi Nínú Orúkọ: Àkíyèsí lórí Abẹ́òkúta àti Olúmọ

Inú ìwé ìtàn tí a fi èdè Faransé kọ ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ Abẹ́òkúta. "Abéokuta" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìlú tí ogun Dahomey ti fìdí rẹmi. Èmi tí mo ń sọ Yorùbá nílé ní Tchaada, n kò gbọ́ "abẹ́" nínú rẹ̀, n kò sì gbọ́ "òkúta". Àmì kan ló fà á. Lọ́dọ̀ wa, ohùn òkè ni àmì orí é ń tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ Faransé, fáwẹ̀lì ló ń sọ, fáwẹ̀lì náà sì ni e, kì í ṣe ẹ. Ká ní Abɛ́òkúta ni wọ́n kọ, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ àwọn èdè Benin, bóyá ojú mi ì bá ti là. Ẹnu ìyá mi àgbà, tí kò kàwé, ni mo ti wá gbọ́ orúkọ náà bó ṣe rí.

Ní 1830, ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn dé ẹ̀bá odò Ògùn, níbi tí àpáta Olúmọ wà. Ihò abẹ́ àpáta náà di ibi ìsádi. Bí a bá gba ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ, pé "ẹ̀bá ọ̀dàn" ló di Ìbàdàn, a jẹ́ pé láti ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ibi tó wà ni wọ́n ti bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìpajẹ fáwẹ̀lì ti bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀. Nínú Abẹ́òkúta, fáwẹ̀lì kankan kò jẹ. Abẹ́ wà lódindi, òkúta náà wà lódindi.

Orúkọ Olúmọ le díẹ̀. Àwọn kan ní "Olúwa ló mọ ọ́n" ni, bí ẹni mọ ilé. Àwọn mìíràn ní ibi tí ìyà mọ ni, èyíinì ni ibi tó parí sí. Ohùn àárín ni mọ méjèèjì, nítorí náà ohùn kò lè bá wa yan ọ̀kan. Ohun tó lè ṣe ni kó lé mọ̀ ti ìmọ̀ jáde: ìyẹn ì bá fún wa ní *Olúmọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi amọ̀kòkò já mi níyàn, ohùn ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ti ì inú ìkòkò ni.) Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló wù mí jù, nítorí mọ kan náà ni a fi ń mọ odi. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ń pe àpáta ní odi tí ènìyàn kò fọwọ́ mọ.

Odi tí ènìyàn mọ ló sì gba ìlú nígbà tó yá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, Gezo ọba Dahomey kó ogun dé, tobìnrin tọkùnrin. Àwọn ará Ìṣàgà ti díbọ́n pé tirẹ̀ ni àwọn. Wọ́n ní kó gba ìhà ibodè Aro, níbi tí odi ti dúró dáadáa, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni ogun ti fọ́. Ní 1862, Dahomey pa Ìṣàgà run láti gbẹ̀san. Glele tún gbìyànjú Abẹ́òkúta ní 1864, kò rí i gbà. Kò sí odi nínú orúkọ ìlú náà síbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ sá sí ló wà níbẹ̀.

Ọ̀tá wọn náà ń gbé inú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Fɔ̀n, Agbomɛ ni inú agbo, ìyẹn odi àti yàrà tó yí ìlú ká. A kọ́ mi ní ìtumọ̀ yẹn ní ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ti Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ilé mi ni.

Ní ìhà tiwa, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ pupa ni. Kò sí àpáta tí a lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Kétu gbẹ́ yàrà, ó sì mọ odi, ṣùgbọ́n Dahomey fọ́ ọ ní 1886. Ẹnu ibodè rẹ̀ ṣì wà. "Akaba Idena" ni wọ́n ń kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á ni mo ti gbọ́ "dènà" nínú rẹ̀.