Ìbọn Ìléwọ́ Lójú Títì: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìbàdàn Mọ̀ Nígbà Tí Ọlọ́pàá Bá Dá A Dúró

Ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, pàápàá nílùú Houston, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn níní léèwọ̀ fún, lè so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbàdí kó sì máa bá tirẹ̀ lọ lójú títì láìgba ìwé àṣẹ kankan. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni òfin náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wálé wá kí ìyá rẹ̀ ní Challenge nílùú Ìbàdàn, tó sì so ìbọn mọ́ ìbàdí jáde sí Ring Road, òfin Nàìjíríà kò ní bi í bóyá ó fẹ́ yìn ín tàbí ó kàn fẹ́ fi dáàbò bo ara rẹ̀. Pé ìbọn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí òfin ìbọn là sílẹ̀ fún un kò sì dín ní ọdún mẹ́wàá.

Òfin tí mò ń sọ yìí, Firearms Act, ti wà láti ọdún 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún un láṣẹ: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátá. Àní, òfin náà dárúkọ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi akọ òkúta ṣáná sí. Ohun kékeré tó lè wọ àpò ṣòkòtò yìí, ọ̀wọ́ kan náà ni òun àti bọ́ǹbù wà. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé kò lágbára láti fi ìwé àṣẹ rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, gómìnà kò ní in, alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní in. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Dùgbẹ̀ pé òun lè bá yín ṣètò láísẹ́ǹsì ìbọn ìléwọ́, ẹ sá fún un, oníjìbìtì ni.

Ọ̀wọ́ kejì ni shotgun àti ráìfù tí wọ́n fi ń ṣọdẹ, ọlọ́pàá ni òfin ní kó máa fúnni níwèé àṣẹ ìyẹn. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Òun náà kò ṣàìní pámíìtì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún, kò sí èyí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i nínú wọn.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni ìbọn tí wọ́n ń pè ní pump-action. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù mélòó kan ló gbà pé ìbọn ọlọ́dẹ lásán ni. Òfin ṣe àyọkúrò rẹ̀: shotgun tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta mìíràn wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín kò sí lára èyí tí ọlọ́pàá lè fọwọ́ sí, bí pump-action sì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Ibrahim Idris, pàṣẹ kí wọ́n gba irú àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aráàlú káàkiri.

Ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin ìbọn yìí. Ìbàdàn níbí ni àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ti ṣí i lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, fi kéde pé kò bófin mu. Ìpàdé tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Igbákejì Ààrẹ Osinbajo ló tán ìjà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kò lè sọ ìbọn tí Àbújá kà léèwọ̀ di ohun tó tọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn gómìnà wa fi ń bá ìjọba àpapọ̀ fà á, pé àwọn tí wọ́n ní kó lọ ko agbébọn lójú nínú igbó kò yẹ kó máa lo ṣakabùlà. Ní tèmi, ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́.

Òfin wa le mọ́ ẹni tó gbé ìbọn, ó sì ṣe ààbò fún ẹni tí kò gbé e. Lójú títì wa, ọ̀rọ̀ ti dorí kodò. Ọkọ̀ onígíláàsì dúdú tó ń tẹ̀lé èèyàn ńlá, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yọ ẹnu ìbọn síta, yóò fọn fèrè kọjá ní Mọ́kọ́lá, ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ Micra láti Agbowó, tó gbé bààgì kọ̀ǹpútà kọ́pá, ni wọ́n máa ní kó sọ̀kalẹ̀. Níbo lo ti rówó ra fóònù yìí? Rìsíìtì rẹ̀ dà? Ṣí i ká wò ó. Bó bá di dàda tàbí tó fi nǹkan sétí, ọmọ Yahoo ti ni lójú wọn.

Irú ìfìyàjẹni yìí ló bí ìwọ́de EndSARS, èyí tó tako ikọ̀ ọlọ́pàá SARS, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi ìwọ́de ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìjọba kéde pé SARS ti di ohun ìgbàgbé. Ohun tó sì ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò tíì pé oṣù kan ṣáájú, lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ọlọ́pàá tuntun, Police Act 2020, tó rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó ṣe ní 1943. Ààbò tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè fún ti wà nínú ìwé.

Òfin náà sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ dá èèyàn dúró kó yẹ̀ ẹ́ wò àfi tó bá ní ìdí gúnmọ́ láti fura sí i. Ó tún sọ ohun tí kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìdí: àwọ̀ ara, ọjọ́ orí, irú irun tó wà lórí ẹni, irú aṣọ tó wọ̀, tàbí pé ó ti jẹ̀bi rí. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo àṣírí ẹni, títí kan ọ̀rọ̀ orí fóònù, àwọn agbẹnusọ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn sì ti sọ léraléra pé kí ọlọ́pàá yéé tú fóònù àwọn èèyàn lójú títì. Ẹ̀sùn "wandering" tí wọ́n máa ń fi kó ẹni tó pẹ́ lóde, ìjọba ológun ti fagi lé e láti ọdún 1989. Bí kì í báa ṣe pé ẹ ń wa ọkọ̀, kò sófin tó ní kí ọmọ Nàìjíríà máa gbé káàdì ìdánimọ̀ kiri bó ti ń rìn lọ sí ọjà Bódìjà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe mú fídíò Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ ó ti rí èyí tí ẹnìkan so ìbọn mọ́ ìbàdí, tó ń sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò ní dárúkọ. Ìdí tó fi lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìbọn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ wọn kan dájọ́, lórí ẹjọ́ tó wá láti North Carolina, pé níbi tí òfin bá ti fàyè gba gbígbé ìbọn ní gbangba, gbígbé e nìkan kì í ṣe ìdí láti fura sí èèyàn. Nílẹ̀ tiwa, ìbọn ìléwọ́ tó hàn lára yín ni ìdí náà gan-an. Ọlọ́pàá tó bi yín léèrè níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Lọ́hùn-ún náà, ẹ̀tọ́ kì í gba ẹ̀mí là nígbà gbogbo. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ọlọ́pàá dá Philando Castile, aláwọ̀ dúdú, dúró nínú ọkọ̀. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lára òun. Ìgbà méje ni ọlọ́pàá náà yìnbọn, Castile sì kú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ adájọ́ sọ pé ọlọ́pàá náà kò jẹ̀bi. Òfin wa nìkan kọ́ ló sì le mọ́ ìbọn ìléwọ́: ní Bìrìtìkó, lẹ́yìn tí ẹnìkan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ kan ní Dunblane lọ́dún 1996, wọ́n fòfin gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Yunifásítì tàbí Poli, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó jáde. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lálẹ́, kí wọ́n tan iná inú ọkọ̀, kí ọwọ́ wọn wà níbi tó hàn, kí wọ́n má sá, kí wọ́n má bú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè orúkọ ọlọ́pàá náà, àgọ́ rẹ̀, àti ìdí tó fi dá wọn dúró. Obìnrin ni kó yẹ obìnrin lára wò. Bí wọ́n bá mú wọn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí lọ́yà yóò fi dé, ọ̀fẹ́ sì ni bélì. Yàtọ̀ sí ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, ìwé òfin sọ pé níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Láti Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀ tàbí Challenge, ilé-ẹjọ́ Ìyágankú kò tó kìlómítà 40.