Ọmọ Tí Fèrè Wú Lẹ́rẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá ní Lálúpọn àti ní àwọn abà tí ó yí wa ká, kò sí ọ̀kan nínú yín tí kò mọ àìsàn kan tí í máa ṣe ọmọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú ni yóò máa run ún títí agogo ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi dákẹ́. Bí ó bá sì di agogo mẹ́wàá, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni ẹ ó ti bá aláìsàn náà.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1936, àwọn ará Amẹ́ríkà fi í ṣe sinimá kékeré kan tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bored of Education ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan ni nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn tí Hal Roach bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1922 lábẹ́ orúkọ Our Gang, òun nìkan nínú gbogbo wọn ni ó sì gba ẹ̀bùn Oscar.

Ọjọ́ ìwọlé ni, Spanky àti Alfalfa kò sì fẹ́ kàwé. Spanky, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 8 nígbà náà, ki fèrè, rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ títí yóò fi wú, bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alfalfa, kí olùkọ́ lè rò pé eyín ní ń dùn ún. Wọn kò mọ̀ pé olùkọ́ wọn, Miss Lawrence, ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìmọ̀ tí wọ́n gbà. Kò mú pàṣán, kò sì pariwo. Ó bá wọn kẹ́dùn, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n jáde tayọ̀tayọ̀, àfi bí wọ́n ṣe pàdé ọkùnrin tí ó gbé áísìkirimù bọ̀ fún gbogbo kíláàsì náà! Ọgbọ́n tí wọ́n fi jáde kò wá tó ìdajì èyí tí wọ́n ń wá láti fi wọlé padà, Alfalfa sì ní láti dìde kọrin lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nínú àwọn sinimá wọ̀nyí, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ ń ṣeré, wọ́n jọ ń kàwé, ní àkókò tí òfin àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Àní ní 1947, àwọn aláṣẹ Memphis fòfin de Curley, sinimá mìíràn tí Hal Roach ṣe, nítorí ìdí yìí gan-an. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́: àwọn ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n fi ọmọ dúdú ṣe nínú wọn kò dùn mọ́ wa.

Ìwà olùkọ́ yẹn wù wá púpọ̀. Ẹ kíyè sí i, síbẹ̀, pé ó ti gbọ́ kí ó tó ṣe ohun tí ó ṣe. Àwa kò gbọ́, a sì ṣe. Ní ọdún kan, ọmọ kan nínú ilé wa wí pé orí ń fọ́ òun. Ó ti fi irú rẹ̀ tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀mejì rí. A nà án, a sì lé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí ni ọlọ́kadà gbé e padà wá, ibà ń gbọ̀n ọ́n rìrì, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, kò sì mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jókòó tì í ní ilé ìwòsàn kí ó tó lajú béèrè omi. Orí àjà ni pàṣán náà wà títí di òní.

Nísinsin yìí, bí ọmọ bá ráhùn, ọrùn rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Bí ó bá gbóná, a kì í bi í léèrè ohunkóhun, ilé ìwòsàn yá. Bí ó bá tutù, tí ojú rẹ̀ sì mọ́, a ó tẹ́ ẹní fún un: aláìsàn kì í ṣeré, aláìsàn kì í jáde, ẹ̀kọ gbígbóná ni oúnjẹ rẹ̀, àgbo kíkorò ni yóò sì fi sìn ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn a máa yá kí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó sọdá ojú irin rélùwéè. Ó sì ń yà wá lẹ́nu pé ní òwúrọ̀ tí ìyá wọn bá ń dín àkàrà fún àwọn tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, inú kì í run ẹnikẹ́ni.