Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ àti Olórí Tuntun: Ẹ̀kọ́ láti Kétu àti Mile 12

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ fẹ́ràn láti kọ sí orí ìwé ìpè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi olóyè tuntun jẹ. Ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí èmi ń gbé, irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n: bí kò wá láti Kétu, yóò wá láti Ìkòsí tàbí Alápẹrẹ. A ó dá aṣọ, a ó pe onílù, a ó jẹ, a ó mu, alága tuntun yóò sì gba ọ̀pá àṣẹ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí gbogbo ariwo bá rọlẹ̀ tán, kí ni a ó fi mọ̀ pé olórí tuntun ti dé lóòótọ́?

Ìdáhùn tèmi ni pé ohun méjì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èkíní ni ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí olórí àtijọ́ fi lé olórí tuntun lọ́wọ́. Èkejì ni ohun tí àlejò àdúgbò ń rò nígbà tí ó bá gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà: ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni, tàbí ó ń wá ọ̀nà tí yóò bá sá lọ? Ẹgbẹ́ tí kò bá yege nínú méjèèjì, ayẹyẹ lásán ni ó ṣe.

Ilẹ̀ náà àti àwọn tí ń gbé orí rẹ̀

Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ ni pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire ti gbé àwo kan lé orí omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e títí tí ó fi dé Ìṣẹrì létí odò Ògùn, níbi tí àwo náà gbé rì. 'Àwo ti rì' yìí ni wọ́n ní ó di Àwórì. Mo mú ìtàn náà wá nítorí ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí nínú rẹ̀: ẹni tí à ń pè ní onílẹ̀ lónìí, arìnrìn-àjò ni baba ńlá rẹ̀. Omi ni ó sin ín wá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Ìkòròdú gba àárín ìlú kọjá, tí ọjà ńlá sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tòmátò, ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń kó láti Òkè Ọya ń já sí ọjà Mile 12 lójoojúmọ́. Èso ni tiwọn ní ọjà Kétu àti Ìkòsí. Nítorí náà, ẹ ó bá Àwórì, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì níbẹ̀, ẹ ó bá Hausa àti Ìgbò, ẹ ó sì bá ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ ìlú mìíràn. Ní ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, Agboyi-Kétu àti Ìkòsí-Ìṣẹrì jáde láti ara Kòsọ́fẹ́. Agbègbè tí ènìyàn pọ̀ sí báyìí, tí èdè ibẹ̀ sì pọ̀, kò lè ṣe aláìní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ wà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú òkèèrè wà, ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń ṣọ́ àṣà àti ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá náà wà.

Ibi tí irú ẹgbẹ́ yìí ti ṣẹ̀

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1945 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n ṣí i ní gbangba ní Ilé-Ifẹ̀. Sir Adéyẹmọ Alákijà ni ààrẹ, Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé àgbà. Lára ohun tí ẹgbẹ́ náà kọ sínú òfin rẹ̀ ni kíkọ́ èdè àti ìtàn Yorùbá, àti ríran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti kàwé. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pé àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti hù.

Láti ara ẹgbẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sílẹ̀ ti wá, èyí tí ó jáde sí gbangba ní Ọ̀wọ̀ ní 1951. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀rọ̀ òṣèlú ti ń jẹun nínú àwo kan. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì de àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a rí ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, 1993, Dókítà Frederick Fasehun àti àwọn mìíràn dá OPC sílẹ̀ ní 1994 láti jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ Yorùbá. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí yóò tún wáyé nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ Mile 12.

Bí a ti ń pààrọ̀ olórí

Nínú àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí mo ti jókòó nínú ìpàdé wọn, ètò kan náà ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé. Àkókò àwọn tí ó wà lórí oyè yóò pé, ìgbìmọ̀ wọn yóò sì tú ká. A ó yan ìgbìmọ̀ ìdìbò láàrin àwọn tí kò du ipò kankan. Akápò àti akọ̀wé owó yóò ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, àwọn tí a yàn láti yẹ ìwé owó wò yóò sì sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ìdìbò ni ìbúra. Lẹ́yìn ìbúra ni ohun tí ó ṣe kókó jù lọ: kí wọ́n fa gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ lé ọwọ́ àwọn tuntun. Ìwé owó ni, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ni, àga àti àtíbàbà tí ẹgbẹ́ ń fi háyà ni. Wọ́n yóò tún lọ sí báǹkì láti yí orúkọ àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó padà.

Ibi ìfàléni-lọ́wọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣubú sí. Bí ìwé kò bá kúrò lọ́wọ́ ẹni àná, olórí méjì ni ẹgbẹ́ ní. Ohun kan náà ń ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan tiwọn ju àga àti àtíbàbà lọ. OPC kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí ó fi pín sí méjì: apá kan tẹ̀ lé Fasehun, apá kejì tẹ̀ lé Gani Adams, ó sì di ìjà láàrin ọmọ ìyá. Fasehun kú ní December 2018, ọdún kan náà tí Gani Adams jẹ oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nínú Afẹ́nifẹ́re, Baba Reuben Fasoranti fa iṣẹ́ olórí lé Baba Ayọ̀ Adébánjọ lọ́wọ́ ní March 2021 nítorí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò ààrẹ ti 2023 ń bọ̀, àwọn àgbà méjèèjì kò tẹ̀ sí apá kan náà, àríyànjiyàn nípa ẹni tí í ṣe olórí sì gbòde. Baba Adébánjọ fi ayé sílẹ̀ ní February 2025. N kò sọ èyí láti bu àgbà kankan kù. Mo sọ ọ́ láti fi hàn pé bí òfin ẹgbẹ́ kò bá ṣe kedere nípa ìgbà tí oyè ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó ń parí, ọ̀wọ̀ nìkan kò lè tún un ṣe.

Ìgbà tí ọjà dàrú

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Mile 12. Ní November 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kétu àti Mile 12 láàrin àwọn ọmọ Yorùbá, tí OPC wà láàrin wọn, àti àwọn oníṣòwò Hausa. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa darí ọjà ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò lápá méjèèjì, ilé àti ọjà jóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò ní ilé wọn. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ ẹni wá di orúkọ tí àlejò ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já. Ní March 2016, ìjà mìíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà àti ará àdúgbò ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti di Yorùbá àti Hausa. Ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Aḿbọ̀dé kéde kónílé-ó-gbélé, ó sì ti ọjà náà pa.

Ta ni ó jẹ gbèsè irú ìjà bẹ́ẹ̀? Tòmátò kì í dúró de ìpàdé àlàáfíà. Agbọ̀n tí ó bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, omi ni yóò dà. Àgbẹ̀ tí ó kó o wá pàdánù, ìyá alátà tí í ṣe ọmọ Yorùbá pàdánù, ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ ní Ṣómólú àti Múṣin sì ra ata ní ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó ní òun ń gbèjà ọmọ ìbílẹ̀ ti sọ owó ọmọ ìbílẹ̀ nù.

Àwọn kan yóò sọ pé, 'Ṣé kí a wá jókòó kí àlejò gba ilé lọ́wọ́ wa ni?' Rárá o. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ó sì yẹ kí àlejò mọ ìwà tí ó tọ́ ní ilé onílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwa náà ti ṣe àlejò rí. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gáńà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n kó ẹrù wọn délé pẹ̀lú omi lójú. Ní January 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gáńà, a sì fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ títí a fi sọ àpò ní 'Ghana Must Go'. Ẹni tí ó bá ti jẹ ìyà àlejò rí ni ó yẹ kí ó mọ àlejò tọ́jú.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Kí ni ó yẹ kí olórí tuntun ṣe? Iṣẹ́ kò wọ́n ní Kòsọ́fẹ́. Èkíní ni omi. Ní October 2010, nígbà tí odò Ògùn kún tí wọ́n sì ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, omi wọ inú ilé ní Agboyi, Agílítì àti Ìṣẹrì. Omi kò béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà kí òjò tó dé, tí ó sì mọ ilé tí arúgbó wà kí omi tó dé, ti ṣe ohun tí ó ju ìwúyè mẹ́wàá lọ.

Èkejì ni èdè. Ní February 2018 ni òfin tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Ìpínlẹ̀ Èkó jáde, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ṣùgbọ́n òfin kì í kọ́ ọmọ ní ìwé. Olùkọ́ ni í kọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ bá lè ra ìwé kíkà Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ méjì lọ́dún, tí ó sì ṣe ìdíje àlọ́ àti àròkọ, tí ó jẹ́ kí ọmọ Hausa àti ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Kétu wọlé sí i, àṣà wa ti jèrè.

Ẹ̀kẹta ni àlàáfíà ọjà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí olórí ẹgbẹ́, Ìyálọ́jà, Sẹ́ríkí àwọn Hausa àti àwọn olórí Ìgbò ní ọjọ́ kan pàtó tí wọn yóò máa jókòó pọ̀, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí iná bá ti ràn ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ara wọn.

Ipa tiwa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Àwa ni a mọ bí a ti ń fi àmì sí orí ọ̀rọ̀, tí a sì mọ bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè kà lẹ́yìn ogún ọdún. Kí olúkúlùkù wa, nígbà ìsinmi, lọ bá ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó bá wọn kọ òfin ẹgbẹ́ ní Yorùbá tí ó mọ́ kedere, kí ó sì gba ìtàn ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kí a sì sọ fún olórí tuntun pé kí ó tó wọ aṣọ oyè, kí ó béèrè ìwé owó. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ́kọ́ lọ kí Sẹ́ríkí nílé rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.