Ìgbì òòfà di ẹlẹ́rìí kẹta lórí bí àgbáńlá ayé ṣe ń fẹ̀

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ni adájọ́ yóò ṣe bó bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu, tí kò sì rí òpùrọ́ nínú wọn? Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀.

Láti ọdún 1929 tí Edwin Hubble, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń jìnnà sí wa ni a ti mọ̀ pé àgbáńlá ayé ń fẹ̀. Bó ṣe ń yára fẹ̀ tó ló dìjà. Ẹ mú agbo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin mílíọ̀nù 3.26 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń yẹ ìtànṣán tó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wò ní nǹkan bíi kìlómítà 67 ló fi ń jìnnà sí wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní 73 ni. Bí àwọn méjèèjì bá tọ̀nà, a jẹ́ pé nǹkan kan wà nípa àgbáńlá ayé tí ẹ̀dá kò tíì mọ̀.

Lọ́dún 1986 ni Bernard Schutz dábàá ìgbì òòfà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí òkú ìràwọ̀ méjì bá ń yí ara wọn po títí wọ́n fi kọlura, òfuurufú fúnra rẹ̀ a máa mì bí odò tí a sọ òkò sí. Bí ìgbì náà ṣe ń yára sí i ni yóò sọ bó ṣe lágbára tó níbi tó ti ṣẹ̀. Ẹni tó mọ bí ìlù ṣe ń dún tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, tó wá ń gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́ nílé, yóò mọ bí agbo ijó ti jìnnà tó.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2017, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbọ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀; Virgo ní Ítálì sì bá wọn tọ́ka sí apá ibi tó ti wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, awò awọ̀nàjíjìn ti rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú agbo ìràwọ̀ NGC 4993. Ìgbì sọ bó ṣe jìnnà tó: ìrìn nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún fún ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ agbo náà sọ bó ṣe ń sá lọ: nǹkan bíi kìlómítà 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, 70 ló jáde.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Iye náà lè rẹlẹ̀ dé 62, ó sì lè ga dé 82, nítorí wọn kò mọ̀ dájú bóyá onílù náà kọjú sí wa ni tàbí ó dẹ̀gbẹ́. Àwọn onímọ̀ kan ṣírò pé nǹkan bíi 50 irú ìkọlura bẹ́ẹ̀ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀. Títí di ìparí ọdún 2024, ọ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti gbọ́ ìgbì rẹ̀, tí wọ́n sì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láìsí iyèméjì. Ẹlẹ́rìí ti dé. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù.