Òkúta Máàsì Tí A Kọ́kọ́ Ṣì Mọ̀

Ìrísí a máa tan onímọ̀ jẹ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1984, àwọn ará Amẹ́ríkà rí òkúta kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run he lórí yìnyín Allan Hills ní Àńtákítíkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2. Wọ́n sọ ọ́ ní ALH 84001, wọ́n sì kà á mọ́ ẹ̀yà dáyójẹnáìtì, tí a gbà pé ó ti ara Vesta ṣẹ́ wá. Ó kúkú jọ wọ́n. Ní 1993, David Mittlefehldt tún ègé rẹ̀ yẹ̀ wò: ọ́síjìn ti wọ irin inú rẹ̀ ju bó ti yẹ dáyójẹnáìtì lọ. Nígbà tí wọ́n wọn oríṣi ọ́síjìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, ti Máàsì ni wọ́n bá mu. Láìsí àtúnyẹ̀wò yìí, àríyànjiyàn 1996 lórí ohun abẹ̀mí Máàsì kì bá tí kàn án.