Àwọ̀ Ara àti Ijó Báléètì: Ìrírí Janet Collins ní Amẹ́ríkà

New Orleans ni wọ́n ti bí Janet Collins ní ọdún 1917, ṣùgbọ́n Los Angeles ni ó dàgbà sí. Díẹ̀ ni àwọn olùkọ́ báléètì tí ó ń gba ọmọ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Carmelita Maracci wà lára wọn.

Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó lọ jó níwájú Léonide Massine, kí ẹgbẹ́ Ballet Russe de Monte Carlo lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ṣetán láti gbà á, bí ó bá lè jẹ́ kí wọ́n kun òun ní funfun kí ó tó bọ́ sórí ìtàgé. Ó kọ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n rí àbùkù sí: ẹsẹ̀ tí ń jó ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ẹni tí ó ni ẹsẹ̀.

Ní 1951, Zachary Solov mú un wọ Metropolitan Opera ní New York, níbi tí ó ti di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ aṣíwájú oníjó. (1955 ni Marian Anderson tó kọrin níbẹ̀.) Aida ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé ìtàn Íjíbítì ni Aida, pé àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n ó jó nínú La Gioconda pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ Venice ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ sí gúúsù, òfin ìyàsọ́tọ̀ kì í jẹ́ kí ó jó. Ẹlòmíràn ni ó máa ń bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ó kúrò níbẹ̀ ní 1954. Ní ọdún kejì, Raven Wilkinson, aláwọ̀ dúdú tí ó pupa, wọ ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Ballet Russe de Monte Carlo, ó sì ń lo àtíkè funfun lórí ìtàgé.