Nígbà tí Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Bá Kọ̀ Láti Ṣíná

Ẹyìn tí a ti gé lórí ọ̀pẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá sè é láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, epo rẹ̀ a máa kan, owó rẹ̀ ní ọjà a sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀gẹ́ tí a hú fún púpurù kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan ní Igbotako tàbí ní Òde-Ìrèlè bá di ẹrù kún píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnì kò sì dáhùn, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọn a sáré lọ sí Òkìtìpupa láti ra bátìrì titun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ a tún dákẹ́, nítorí pé bátìrì kọ́ ni ó ń ṣe àìsàn. Ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń gbà ni ó dí.

Ní ìgbà láéláé, irin ni a fi ń yí ẹ́ńjìnì láti iwájú, irin náà a sì máa ta padà, a sì ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnì, tí a sì fi sínú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912. Irú ẹ̀rọ yìí, tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní kíìkì sitátà, ni ó wà nínú àwọn Peugeot 504 tí a tò jọ ní ilé iṣẹ́ tí a ṣí ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, ara wáyà wọn sì ti ń sán.

Ó yẹ kí olùkàwé mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ sitátà. Wáyà ńlá kan ti orí bátìrì lọ tààrà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá, ó dé ara ohun kan bí agolo kékeré tí ó gùn lé sitátà, tí a ń pè ní sólẹ́nọ́ìdì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìránṣẹ́, sólẹ́nọ́ìdì sì ni onílẹ̀kùn. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá dé, onílẹ̀kùn a ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá, sitátà a sì yí. Ṣùgbọ́n iná kì í lọ láìbọ̀. Ara irin ẹ́ńjìnì ni ó ń gbà padà, àti wáyà ńlá kejì tí a dè mọ́ ọn, èyí tí àwọn riwáyà ń pè ní áàtì. Wáyà àbọ̀ yìí ni a máa ń gbàgbé jù lọ, òun ni ó sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó wà, níbi tí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko àti òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń bá a jà.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà, kí ẹ sì fa búréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan iná iwájú, kí ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ti ń wo iná náà. Bí iná bá mọ́lẹ̀ gidigidi tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn kankan, ìránṣẹ́ ni kò dé: ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà, bóyá orí rẹ̀ ti yọ lára sólẹ́nọ́ìdì, tàbí ibi kọ́kọ́rọ́ ni ó ti jẹ. Bí ẹ bá gbọ́ “ka-ka-ka-ka” tí iná sì ń ṣẹ́jú, bátìrì ti rẹ̀ tàbí orí wáyà kan kò dì dáadáa. Bí ó bá dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná sì mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú irin inú sólẹ́nọ́ìdì ti jóná. Bí iná bá sì kú pátápátá, orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, kí ẹ mì ín.

Láti dán wáyà àbọ̀ wò, ẹ mú wáyà ńlá tí a fi ń yá iná lọ́wọ́ ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fi orí rẹ̀ kan kọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹ fi èkejì kọ́ irin ẹ́ńjìnì níbi tí kò sí ọ̀dà. Bí ẹ́ńjìnì bá dìde báyìí, ẹ ti rí olè náà. Ẹni tí ó bá ní mítà lè gbé e sí àárín ibi méjèèjì wọ̀nyí bí sitátà ti ń yí: bí ó bá ju ìdajì fóòtì kan lọ, áàtì kò dára. Ẹni tí kò ní mítà lè rọra fi ọwọ́ kan àwọn oríkèé wáyà lẹ́yìn ìyíkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Èyí tí ó bá gbóná ni ó ń ṣe ìdènà.

Níti ìpẹta funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó máa ń hù sí orí bátìrì, kaun inú ilé ìdáná tó fún un. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà ti ìyọkúrò, òun náà ni kí ẹ sì dè gbẹ̀yìn. Ẹ po kaun mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ dà á sí ojú ìpẹta náà, yóò hó. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú ihò bátìrì. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi sáńdípépà ha irin náà títí yóò fi dán, kí ẹ fi sípánà dè é le, kí ẹ sì fi gírísì pa á. Ẹ má ṣe fi epo pupa rọ́pò gírísì. Èkúté fẹ́ràn rẹ̀, yóò sì fi wáyà kún oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa wọ abẹ́ ọkọ̀, wọn a fi sípánà so irin méjì ara sitátà pọ̀ kí ó lè yí. Bí ọkọ̀ bá wà nínú gíà, yóò fò síwájú, yóò sì gun ẹni tí ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ má sì ṣe tan ìṣáná nítòsí bátìrì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń gbiná ń ti inú rẹ̀ jáde.

Bí gbogbo wáyà bá mọ́, tí wọ́n sì dì, tí bátìrì fi fóòtì 12 àti ààbọ̀ hàn ní ìdákẹ́jẹ́, tí sitátà kò sì yí síbẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ tú u gbé lọ fún riwáyà. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ àti bí iná iwájú ti ṣe fún un, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì.